Òrùlé Tí N Kò Gùn

Múfútàù Àlàdé ni ẹni àkọ́kọ́ tó ṣe mí níkà nídìí iṣẹ́ yìí. Mo fi orúkọ rẹ̀ ṣíwájú nítorí pé ọdún mọ́kànlélógójì ni wọ́n fi ń pe orúkọ tèmi níbi tó yẹ kí wọ́n ti máa pe tirẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, pé arúgbó ni bàbá náà. Èmi náà ti di arúgbó. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wo ọ̀tún wo òsì, tí ẹ kò tíì mọ iṣẹ́ tí ẹ máa yàn, ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn tèmi. N kò ní fi oyin sí i. Àyẹ̀wò òrùlé ni iṣẹ́ tí mo ṣe. Mo máa ń gun orí ilé onílé, mo máa ń fi òòlù kékeré kan orí ìṣó lọ́kọ̀ọ̀kan, mo máa ń yọjú wo igi tó wà lábẹ́ páànù, n óò wá sọ̀ kalẹ̀ láti sọ fún onílé bóyá òrùlé rẹ̀ lè fara da òjò tó ń bọ̀. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún títí di ìgbà tí orúnkún mi kọ̀ mí, n kò ṣe iṣẹ́ mìíràn.

Bí mo ṣe dé ibẹ̀ kò gba àlàyé púpọ̀. Èkìtì ni àwọn òbí mi ti wá, bàbá mi jẹ́ olùkọ́, ó sì ní kí gbogbo wa kàwé. Mo ka ìmọ̀ ilé kíkọ́. Ilé-iṣẹ́ kan ní Dùgbẹ̀, tó ń bójú tó ilé fún àwọn onílé tí kò ráyè, gbà mí síṣẹ́. Owó oṣù wọn máa ń tó oúnjẹ, nígbà mìíràn kì í tó o. Ó tán.

Ọ̀gá Múfù, bí gbogbo ọ́fíìsì ṣe ń pe Múfútàù, ni olórí àwọn tó ń wo òrùlé. Kò ní ìwé ẹ̀rí kankan. Káfíńtà ni, láti kékeré ló sì ti ń kan òrùlé kí ilé-iṣẹ́ wa tó mú un. Ẹni tó bá dé, ì báà ní ìwé ẹ̀rí tó kún àpótí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò ti kọ́ṣẹ́. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, “Ọmọ Èkìtì, ṣé o lè gun igi?”

Mo ní, “Mo ń gun òkè, Ọ̀gá. Òkè ló wà nílé wa.”

“Òkè kì í jábọ́ lábẹ́ ẹni,” ó dáhùn, ó sì fún mi ní òòlù.

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko n kò fi ojú kan òrùlé. Ó ti kan páànù àtijọ́ mọ́ igi nílẹ̀ ní ẹ̀yìn ọ́fíìsì, ó sì ti tú àwọn ìṣó kan díẹ̀díẹ̀. Èmi yóò di ojú, n óò máa fi òòlù kàn wọ́n, n óò máa gbọ́ ohùn wọn. Ìṣó tó bá di igi mú ń dún ṣókí, ohùn rẹ̀ á kúrú. Èyí tó ti tú ń ya ẹnu, ó ń dún bí agolo.

“Mélòó ló tú?” ni yóò bi mí.

“Bíi mẹ́wàá, Ọ̀gá.”

“Bíi mẹ́wàá kì í ṣe iye. Padà síbẹ̀.”

N óò padà síbẹ̀. Bí mo bá ní mọ́kànlá, yóò ní mo fo ọ̀kan. Bí mo bá ní méjìlá, yóò ní mo ka ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Ìka mi wú. Délé, ọmọ iṣẹ́ bíi tèmi tó ti débẹ̀ ní ọdún méjì ṣáájú mi, máa ń gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́, á ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, alágbẹ̀dẹ,” á sì máa jẹun lọ.

Nígbà tí mo wá gun òrùlé gidi, òfin Ọ̀gá pọ̀ ju ìṣó lọ. Bàtà olókùn tó rọ̀ ni kí o wọ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ lè mọ ohun tó ń tẹ̀. Orí ìlà ìṣó nìkan ni kí o máa rìn, nítorí igi wà lábẹ́ rẹ̀. Tẹ àárín páànù, kí o bá ara rẹ nínú yàrá onílé. Má sọ̀rọ̀ lókè. Má bá ẹni tó wà nísàlẹ̀ ṣeré. Ó sì ní ọ̀rọ̀ kan tó máa ń tẹnu mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń gbọ́ ọ lójú oorun: “Ojú kì í gun òrùlé, ẹsẹ̀ ló ń gùn ún. Ohun tí o kò bá gùn, má buwọ́ lù ú.” Òun ló kọ́ mi ní gbólóhùn yẹn. Ẹ rántí pé òun ni.

N kò ní parọ́ mọ́ ọn: ó mọ iṣẹ́. Òun ló là mí lọ́yẹ̀ nípa ohun tí oòrùn ń ṣe sí òrùlé nílẹ̀ yìí. Lọ́sàn-án, páànù á gbóná débi pé bí o bá fi ọwọ́ lé e, awọ ọwọ́ rẹ á ṣí. Bó bá gbóná, á fẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, tó bá tutù, á sún kì. Ojoojúmọ́ ayé ló ń fẹ̀ tó ń sún kì, bó sì ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀ ló ń mi ìṣó síwá sẹ́yìn nínú ihò rẹ̀, títí ihò náà á fi gbòòrò. Rọ́bà pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ orí ìṣó á gbẹ, á máa rún bí èèpo ẹ̀pà. Ọyẹ́ á tún dé, á fa omi tó kù nínú igi mu, igi á joro, kò ní lè di ìṣó mú mọ́. Ikán á bá tirẹ̀ wọlé. Gbogbo èyí ń lọ, onílé ń sùn ní ìsàlẹ̀, kò mọ nǹkan kan. Òrùlé bo àjà mọ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ìjì àkọ́rọ̀ bá dé, kì í ti òkè tẹ òrùlé. Abẹ́ ló ń gbà wọlé, níbi ẹnu òrùlé tó yọ síta, á wá gbé e sókè bí ìgbà tí obìnrin bá ṣí ìdérí ìkòkò. Bí ìṣó ogún bá dúró, tí ọ̀kan péré tú ní igun, igun yẹn ni afẹ́fẹ́ yóò fi ìka sí. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí ẹsẹ̀ èèyàn gun òrùlé lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún: nígbà tí ọyẹ́ bá lọ tán tí òjò kò tíì dé, àti nígbà tí òjò bá dá. Ẹ bi onílé mẹ́wàá, mẹ́sàn-án á sọ pé ilé àwọn kò jò, kí ni àwọn fẹ́ gun òrùlé ṣe? Òrùlé tí kò jò lè fò.

Ojú mi rí nǹkan lórí òrùlé àwọn èèyàn. Ní Bódìjà, ọ̀mọ̀wé kan tó ti fẹ̀yìn tì dúró nísàlẹ̀ àkàbà, ó ń pariwo sí mi pé, “Madam, ẹ sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. Níbo ni ọkọ yín wà?”

Mo ní, “Ọkọ mi wà nílé, sà. Òrùlé tiwọn kò jò.”

Ó pe ọ́fíìsì láti fẹjọ́ mi sùn. Délé sọ mí ní Ológbò Orí Páànù láti ọjọ́ náà, orúkọ yẹn sì lẹ̀ mọ́ mi títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Èyí tó nira jù ni ti àwọn bàbá onílé tí wọ́n gbà pé obìnrin kò gbọdọ̀ gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí ọkùnrin. Bí obìnrin bá gun òrùlé tí bàbá ilé sì wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n kà á sí ìwọ̀sí. N kò bínú sí wọn nígbà náà, bí wọ́n ṣe tọ́ wọn nìyẹn. Ọ̀gá Múfù fúnra rẹ̀ ló wá ọgbọ́n tí a fi ń yanjú rẹ̀. Yóò wọlé lọ bá bàbá náà, yóò dọ̀bálẹ̀, yóò ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí á gbé àga yín sábẹ́ igi, kí ẹ gba atẹ́gùn díẹ̀.” Bàbá á jáde jókòó síta. Ilé ti ṣófo, kò sí ọkùnrin lábẹ́ mi mọ́. N óò gùn ún, n óò sọ̀ kalẹ̀, bàbá á padà sínú yàrá rẹ̀, ọ̀wọ̀ rẹ̀ á wà ní ipò rẹ̀. Ìlànà iṣẹ́ wa ni. A ti ṣe bẹ́ẹ̀ nílé tó pọ̀ ju ohun tí mo lè kà lọ.

Ọdún kẹrin tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ni Ọ̀gá mú mi lọ sí ilé Alhaji Kàmọ́rù ní Ring Road. Ilé ńlá kan ni, Alhaji ń gbé apá iwájú, àwọn ayálégbé wà ní ẹ̀yìn. Àwọn ayálégbé tuntun fẹ́ wọ ibẹ̀, ilé-iṣẹ́ wa sì ní òfin pé kò sí ẹni tó ń wọlé tuntun láìsí ìwé àyẹ̀wò òrùlé. Mo mọ̀ pé Ọ̀gá àti Alhaji fẹ́ di àna, pé ọmọ Alhaji fẹ́ fẹ́ Sílífá, àkọ́bí Ọ̀gá. Mìmọ̀ tí mo mọ̀ ọ́n kò kó ìfura bá mi. Ìlú Ìbàdàn ni, gbogbo èèyàn ló ń bá ara wọn tan.

Nígbà tí mo ń gbé àkàbà lọ sí ẹ̀yìn, ayálégbé kan jáde sí mi. Bùkọ́lá lorúkọ rẹ̀, nọ́ọ̀sì ni, kò jù mí lọ, bóyá mo tilẹ̀ fi ọdún kan jù ú. Ó gbé omi tútù fún mi, ó sì fà mí wọ yàrá rẹ̀.

“Àǹtí, ẹ bá mi wo ibí yìí.”

Ó nawọ́ sí àjà. Àmì omi wà níbẹ̀, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó tò bí ìtọ̀ ọmọdé lórí ẹní.

“Ní òjò tó kọjá, ńṣe ni mo gbé bẹ́ẹ̀dì mi kúrò níbẹ̀,” ó sọ. “Ti òjò tilẹ̀ kéré. Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́, mo máa ń gbọ́ tí páànù ń lu igi. Mo sọ fún Alhaji, wọ́n ní eku ni.”

Mo rẹ́rìn-ín. “Eku wo ló ń lu páànù?”

“Ẹ̀yin náà ẹ bá mi bi wọ́n.”

Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé mo fẹ́ gùn ún nísinsìnyí. Mo jáde, mo fi àkàbà ti ògiri, mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé e. Bí Alhaji ṣe yọ láti iwájú ilé nìyẹn, Ọ̀gá ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

“Múfútàù, orí ta ni obìnrin yìí fẹ́ gùn?”

“Ọmọ iṣẹ́ mi ni, Alhaji.”

“Ìyá tó bí mi kò gun orí mi rí. Kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ rẹ ló máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.”

Ara kò ta mí. Mo dúró, ẹsẹ̀ mi wà lórí àkàbà, mo ń retí kí Ọ̀gá sọ ọ̀rọ̀ àga àti abẹ́ igi. Igi máńgòrò ńlá wà nínú ọgbà náà. Àga wà ní fàráńdà. Ọ̀gá wo igi náà, ó wo àga náà, ó wá wò mí.

“Àbẹ̀kẹ́, gbé àkàbà kúrò.”

“Ọ̀gá, ṣé ẹ̀yin lẹ máa gùn ún?”

“Ẹsẹ̀ ń dùn mí. Èmi àti ìwọ ti wò ó láti ilẹ̀. Páànù yẹn jókòó dáadáa. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.”

“Yàrá ẹ̀yìn ń jò, Ọ̀gá. Mo rí àmì rẹ̀.”

“Ṣé o ti gùn ún ni, tí o fi mọ ohun tó wà lókè?”

Ó mú fọ́ọ̀mù jáde. Nínú ilé-iṣẹ́ wa, ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí ló ń buwọ́ lùwé, Ọ̀gá Múfù kò sì ní in. Ó nà án sí mi. Ohun tó ń kọ́ mi láti ọdún mẹ́rin wà lórí ahọ́n mi, n kò sọ ọ́. Mo tẹ́ fọ́ọ̀mù náà sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò Alhaji, mo kọ ọ́ pé mo yẹ òrùlé náà wò, pé ó dára, mo sì buwọ́ lù ú. Bọ́nẹ́ẹ̀tì náà gbóná, oòrùn ti ń pa á láti àárọ̀.

Bí a ṣe ń lọ, Bùkọ́lá dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. “Àǹtí, kí lẹ rí?”

Mo ní, “Wọ́n á tún un ṣe.”

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni àkọ́rọ̀ dé. Mo wà ní ọ́fíìsì ní Dùgbẹ̀. Ojú ọjọ́ ṣú lọ́sàn-án gangan, eruku dìde láti ìsàlẹ̀, ọ̀rá àti páálí ń fò kọjá lójú fèrèsé wa ní àjà kẹta. Àwọn tó wà ní ọ́fíìsì ń sáré ti fèrèsé. Èmi jókòó, òrùlé kan ṣoṣo ni mo ń rò.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo débẹ̀. Ìjì ti gbé òrùlé apá ẹ̀yìn lódindi, tigitigi, ó sọ ọ́ sí ilé kejì. Bí òrùlé náà ṣe ń lọ, ó fa ògiri tó wà lórí yàrá Bùkọ́lá wó. Ó ti ṣiṣẹ́ mọ́jú, ó sì ń sùn. Àwọn ará ilé hú u jáde, ó kú kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn.

Mo lọ wo àwọn igi náà níbi tí wọ́n wà nílẹ̀. Ikán ti jẹ inú wọn, ó ṣẹ́ ku èèpo. Àwọn ìṣó náà gún régé, kò sí èyí tó tẹ̀, kò sí èyí tó kán, wọ́n kàn yọ kúrò nínú igi bí ẹni yọ abẹ́rẹ́ kúrò nínú òwú. Mo mọ ohun tí òòlù mi ì bá gbọ́. Kàn án lẹ́ẹ̀kan péré, ó tó.

Ilé-iṣẹ́ pe ìgbìmọ̀. Ọ̀gá wọ agbádá wá, ó jókòó, kò wo apá ibi tí mo wà. Wọ́n bi í léèrè ohun tó mọ̀. Ó ní, “Ẹni tó buwọ́ lù ú ló wò ó. Èmi wà ní iwájú ilé lọ́dọ̀ Alhaji.”

Mo ní òun ló ní kí n gbé àkàbà kúrò. Alága ìgbìmọ̀ bi mí pé ta ni ẹlẹ́rìí mi. Wọ́n pe Alhaji, Alhaji ní òun kò rántí pé òun rí àkàbà kankan. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí mo ní wà nínú ilẹ̀. Wọ́n dá mi dúró fún oṣù mẹ́fà, wọ́n sì kọ ọ́ sínú fáìlì mi pé mo buwọ́ lu òrùlé tí n kò gùn. Òótọ́ ni ohun tí wọ́n kọ. Èyí tí wọn kò kọ ló ń jẹ mí nínú.

Ìyá Bùkọ́lá wá bá mi nílé. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ló ti wá. Mo ti múra sílẹ̀ fún èpè, kò ṣépè. Ó jókòó sórí àga mi, ó gbé àpò rẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó ní, “Wọ́n ní ìwọ lo wo òrùlé náà.”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Mà.”

“Kí lo rí níbẹ̀?”

Ó dúró títí, ó gbé àpò rẹ̀, ó lọ.

Láti ọjọ́ náà ni nǹkan kan ṣoṣo tí mo ń fẹ́ lẹ́nu Múfútàù Àlàdé ti hàn sí mi: kó sọ ọ́ lójú ẹlòmíràn, ì báà jẹ́ ẹyọ ẹnì kan, pé òun ló ní kí n má gùn ún. N kò fẹ́ kó tọrọ àforíjì. N kò fẹ́ kó sunkún. Mo kàn fẹ́ kí ẹnu rẹ̀ sọ ọ́. Ọdún mẹ́wàá tó lé tí a tún fi jọ wà ní ọ́fíìsì kan náà, ó ń kí mi, mo ń kí i. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ ìdágbére ní orúkọ àwọn tó kọ́ níṣẹ́. Mo ní ọ̀fun ń dùn mí.

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́, n kò sì tún buwọ́ lu ohun tí ẹsẹ̀ mi kò tẹ̀ mọ́. Àwọn onílé kórìíra mi. Wọ́n á ní ẹlòmíràn ni kí ilé-iṣẹ́ rán sí àwọn, pé Ológbò ti le jù. Ní Jericho mo gun òrùlé ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì àwọn ilé àtijọ́, èyí tó ń fọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ bí àwo, a kò tíì mọ̀ nígbà náà pé eruku rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Ní Challenge mo gun páànù tó ti pọ́n fún ìpẹtà débi pé mo ń rí oúnjẹ tó wà lórí iná nísàlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni lọ́ńgí-sípáànù, páànù gígùn ìgbàlódé, dé, ìṣó di sùkúrúù, òòlù di ẹ̀rọ tó ń lo iná. Àkàbà onígi tí igi rẹ̀ ń gún wa lọ́wọ́ di èyí tó fúyẹ́ tí obìnrin lè fi ọwọ́ kan gbé. Àwọn èèyàn rò pé nígbà tí irinṣẹ́ yí padà, oòrùn náà yí padà. Páànù ṣì ń fẹ̀, ó ṣì ń sún kì. Ní báyìí, àwọn onílé ń lu ihò sí òrùlé láti gbé sólà lé e, wọn kò bi ẹnikẹ́ni bóyá igi abẹ́ rẹ̀ lè gbé e. Pátákó sólà yẹn dà bí ìgbòkun ọkọ̀ lójú ìjì.

Kí n tó fẹ̀yìn tì pátápátá, enjinníà kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà bá mi lọ sí Bódìjà. Ó gbé ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fò, tó ń ya àwòrán. Ó ní, “Màmá, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Ó ti ya gbogbo rẹ̀ tán.”

“Ẹ bá mi bi í bóyá sùkúrúù tó wà ní igun yẹn ń mì.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Màmá, kì í sọ̀rọ̀.”

“Òrùlé ń sọ ọ́,” mo ní, mo sì gùn ún. Mọ́kànlá ló ti tú. N kò sọ pé bíi mọ́kànlá. N kò kórìíra ẹ̀rọ náà, ó ń rí páànù tó fọ́ kíákíá jù mí lọ. Àmọ́ ojú ni, kì í ṣe ẹsẹ̀.

Bí ẹ bá bi mí bóyá kí ẹ ṣe iṣẹ́ yìí, n kò mọ èsì tí mo lè fún yín. Kò sí ẹni tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó yẹ òrùlé wò tí òrùlé náà kò sì fò. Àwọn tí mo gbà là kò mọ̀ pé mo gba àwọn là. Ẹni kan ṣoṣo tí n kò gbà là ni gbogbo èèyàn mọ̀.

Lọ́dún yìí, nígbà tí ọyẹ́ ń lọ, Sílífá pè mí lórí fóònù. Ó ti di ìyá arúgbó, ọkọ rẹ̀ ti kú, ó ti padà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ní Àgbowó láti tọ́jú rẹ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti gbé Ọ̀gá Múfù dè mọ́ bẹ́ẹ̀dì.

“Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, òrùlé ilé yìí ń pariwo bí atẹ́gùn bá fẹ́. Mo fẹ́ pe káfíńtà, Bàbá kọ̀. Wọ́n ní ẹ̀yin nìkan ni kí n pè.”

Ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí. Ó ti tó ọdún díẹ̀ tí mo ti gun àkàbà kẹ́yìn. Mo lọ. Sílífá di ìsàlẹ̀ àkàbà mú, ó ń ka àdúrà, èmi ń gùn ún ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, orúnkún mi ń ké. Mo lo wákàtí kan lókè. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, mo wọlé lọ bá Ọ̀gá. Ara rẹ̀ ti fà wọnú aṣọ ìbora, ojú rẹ̀ nìkan ló kù bó ṣe wà.

“Mélòó?” ó bi mí.

“Mẹ́rìndínlógún, Ọ̀gá. Igi kẹta láti apá ìlà-oòrùn ti jẹrà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí ẹ̀gbẹ́ yẹn kí òjò tó dé, kí wọ́n sì gbé yín kúrò ní yàrá yìí títí wọ́n á fi ṣe é tán.”

Ó mi orí. “Igi kẹta. Ọkàn mi wà níbẹ̀.”

Sílífá gbé omi wọlé fún mi. Mo gbà á, n kò mu ún. Mo ní, “Ọ̀gá, Sílífá ló dúró yìí. Ẹ sọ ọ́ kó gbọ́. Ta ló ní kí n má gun òrùlé Alhaji Kàmọ́rù?”

Sílífá wojú mi, ó wojú bàbá rẹ̀. “Òrùlé bàbá ọkọ mi? Èyí tó pa nọ́ọ̀sì?”

Ọ̀gá di ojú. Mo rò pé yóò ṣe bí ẹni sùn. Ó wá ní, “Èmi ni.”

Sílífá jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, “Bàbá, nítorí kí ni?”

“Wọn kò tíì mú ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ nígbà náà. Alhaji kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí òrùlé rẹ̀ wò, nítorí ó mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Èmi náà mọ̀.”

Ohun tí mo fi ọdún mọ́kànlélógójì wá ti jáde, ẹnì kan sì ti gbọ́. Ó yẹ kí n dìde kí n máa lọ nígbà náà. Dípò bẹ́ẹ̀, mo bi í pé, “Kí ló dé tí ẹ fi mú mi lọ? Délé wà ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ yẹn. Òun náà ní ìwé ẹ̀rí.”

Ó yí ojú sí mi. Ohùn rẹ̀ kò ga, ó dà bí ìgbà tó ń kọ́ mi níṣẹ́ ní ẹ̀yìn ọ́fíìsì.

“Mo ti kọ́kọ́ bá Délé sọ ọ́, ó ní òun kò lè buwọ́ lu ohun tí òun kò gùn. Mo bá ẹlòmíràn sọ ọ́, òun náà kọ̀ fún mi. Ìwọ ni mo wá mú lọ, Àbẹ̀kẹ́, nítorí mo mọ̀ pé bí mo bá ti ní kí o kọ ọ́, o máa kọ ọ́.”